Efren Reyes ní Alexandra

Inú ilé ọtí kan ní Alexandra, ní Johannesburg, ni mo ti kọ́kọ́ rí Efren Reyes. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ o. Inú fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán ló wà, fóònù ọ̀hún sì wà lọ́wọ́ bàbá kan tí gbogbo ilé ọtí ń pè ní Malume. Arákùnrin ìyá ẹni ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Zulu, ṣùgbọ́n bí àwa náà ṣe ń pe ẹni tí kò bá wa tan ní Bọ̀dá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lò ó. Ìwádìí oyè másítà mi ló gbé mi dé Johannesburg. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, tó ń gẹrun fún àwọn ènìyàn ní òpópónà kan níbẹ̀, ló gbà mí sí yàrá ẹ̀yìnkùlé tó háyà. Ilé ọtí yìí kò ju ojúlé mẹ́ta sí wa, tábìlì pool kan ṣoṣo tó ń jẹ owó ẹyọ ló sì wà láàárín rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní pool níbẹ̀ ni àwa ń pè ní snooker ní Ìbàdàn tí mo dàgbà sí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe snooker rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ ẹgba nítorí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bàbá wa gbà pé ọmọ tó bá ti di ọ̀pá snooker mú, igbó ni yóò fà tẹ̀ lé e. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gba iwájú ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù funfun yẹn kì í kàn án sáré kiri lórí tábìlì, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá mọ ibi tí yóò dúró sí kó tó gbá a.

"Wá wo èyí, Sisi," ni Malume wí fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Fídíò ọdún 1995 ni, láti hótẹ́ẹ̀lì Sands Regency ní ìlú Reno, ní Amẹ́ríkà. Ẹni méjì ló wà nídìí tábìlì. Ọ̀kan ni Earl Strickland, ará Amẹ́ríkà tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mú ju ẹnu rẹ̀ lọ. Èkejì ni Reyes, ará Philippines, tí ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ géèmù 13 ló borí, wọ́n sì ti wà ní 12-12. Bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ta. Òfin rẹ̀ kò le: a kọ nọ́ńbà 1 sí 9 sára àwọn bọ́ọ̀lù, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù lọ lórí tábìlì ni bọ́ọ̀lù funfun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn, ẹni tó bá ju 9 sínú ihò láìlùfin ló jẹ. Bí o kò bá rí ọ̀nà àtigbá a wọlé, o lè dọ́gbọ́n fi bọ́ọ̀lù funfun pamọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù mìíràn, kí alátakò rẹ má baà rí èyí tó yẹ kó gbá. Bó bá kùnà láti kàn án, ìwọ ni wàá gbé bọ́ọ̀lù funfun lé ibi tó bá wù ọ́ lórí tábìlì. Láàárín àwọn ọ̀ta bí àwọn méjì yìí, ẹni tí wọ́n bá fún ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ti jẹ tán.

Ohun tí Strickland ṣe gan-an nìyẹn. Bọ́ọ̀lù 5 ló kàn, ó sì fi bọ́ọ̀lù funfun pamọ́ fún Reyes débi pé kò sí ọ̀nà tààrà kankan láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Reyes tẹ̀ wo tábìlì. Ó gbá bọ́ọ̀lù funfun lu etí tábìlì lápá kan, ó fò kọjá lọ lu etí òdìkejì, ó sì ṣẹ́rí padà bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà Z, ó wá kàn 5. Àwọn èrò ti fẹ́ pàtẹ́wọ́ pé ó kàn án, nígbà náà ni 5 wọ ihò. Bọ́ọ̀lù funfun sì yí lọ dúró síbi tí yóò ti gbá 6. Ó kó ìyókù mọ́ ọn, ó sì jẹ.

Malume fi hàn mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà kẹrin, ó fi ìka bo ihò tí 5 wọ̀. Ó ní kí n má wo ibẹ̀ mọ́, kí n wo bọ́ọ̀lù funfun nìkan, kí n wo ibi tó dúró sí.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀ láti ọjọ́ náà, èrò mi sì ni pé oríire wà nínú bí 5 ṣe wọlé. Àwọn olólùfẹ́ Reyes kò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tó ti lu etí tábìlì méjì yóò gbé òmíràn wọ ihò tí òun fẹ́. Ibi tí kò ti sí oríire ni kíkàn tó kàn án. Ibẹ̀ ni ìtàn ayé ọkùnrin náà wà.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 1954 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Pampanga. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ arákùnrin òbí rẹ̀ kan ní Manila, ẹni tó ní ilé ìgbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Lucky 13. Iṣẹ́ ni wọ́n fi í sí níbẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá wà, a ń jíṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá lọ, ó ń gbá tirẹ̀, orí àpótí Coca-Cola ló sì ń dúró sí nítorí pé kò ga tó tábìlì. Bílẹ̀ bá ṣú, orí tábìlì yẹn náà ló ń sùn. Ìgbà tí mo kà á, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí à ń kó wá láti oko sí Èkó ló sọ sí mi lọ́kàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àbímọ́ni. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó. Lára ohun tó sì kọ́ ni carom, èyí tí wọ́n ń gbá lórí tábìlì tí kò ní ihò kankan. Níbi tí kò bá sí ihò, etí tábìlì ni gbogbo nǹkan. Ẹni tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ láti mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta padà lára igi àti rọ́bà, kò sí ibi tí Strickland lè fi í pamọ́ sí tí yóò ṣàjèjì sí i.

"Bata" ni wọ́n ń pè é nílé, ìyẹn ọmọdé lédè wọn, nítorí pé Efren mìíràn tó jù ú lọ wà nínú ilé ìgbábọ́ọ̀lù kan náà. Níwọ̀n bí kò ti sí àmì ohùn lórí rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kà á sí bàtà, èmi sì kà á sí bàtá. A jà sí i díẹ̀.

Orúkọ tó fi wọ Amẹ́ríkà ní 1985 tún yàtọ̀. Ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, àwọn tó bá sì gbọ́ Efren Reyes kò ní fẹ́ fi owó wọn tá a. Ó wá sọ pé Cesar Morales lòun ń jẹ́. Ó wọ ìdíje kan ní Houston, nílé ìgbábọ́ọ̀lù Red's, ó sì fẹ̀yìn gbogbo wọn balẹ̀ ní orúkọ yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni fíìmù The Color of Money tí Martin Scorsese ṣe jáde, èyí tí Paul Newman fi gba Oscar, tí ó sì mú kí ilé ìgbábọ́ọ̀lù di ohun tí gbogbo ayé ń fẹ́. Mo máa ń rò ó pé nígbà tí Newman àti Tom Cruise ń ṣe bí ẹni tó ń fi orúkọ àti ìwà tàn ènìyàn nídìí tábìlì, ẹni tó ṣe é lóòótọ́ ti gba owó rẹ̀, ó ti lọ.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, nítorí náà ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe èwo ni ìdíje Reyes tó dára jù lọ. Ta ló gbé kámẹ́rà wá síbẹ̀? Ní ti Amẹ́ríkà, ẹnì kan ni Pat Fleming, òun náà gbá pool dé ojú àmì. Ó dá ilé iṣẹ́ Accu-Stats sílẹ̀, wọ́n ń ka àṣìṣe àti àṣeyọrí eléré kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ya ìdíje sí orí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó bá fẹ́. Kò sí tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí eré àwọn ọ̀ta ìgbà náà wà nílẹ̀ títí íntánẹ́ẹ̀tì fi dé, tí ọmọ Alexandra fi lè fi dátà díẹ̀ wo Reno ọdún 1995. Bí kò bá sí wọn, ohun tí à bá ní lónìí ni "wọ́n ní", "wọ́n sọ pé", bí ìtàn àwọn ọ̀ta ayò ìlú wa, tí bàbá àgbà mi máa ń sọ títí yóò fi máa pariwo, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ojú rí mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo fídíò Reyes kì í ṣe ti lẹ́tà Z. Ìdíje Hong Kong ọdún 1996 ni, èyí tí wọ́n yá orúkọ fíìmù yẹn fún. Strickland náà ni wọ́n tún fi kò ó lójú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ géèmù 120 ni yóò gba $100,000, ẹni tó bá fìdí rẹmi kò ní gba nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ta á. Ẹ rò ó wò: ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ojú ẹnì kan náà, tábìlì kan náà. Strickland ló ń síwájú fún ìgbà pípẹ́, àlàfo náà sì fẹ̀ débi pé ẹlòmíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ọkọ̀ tí yóò fi padà sílé. Reyes kò sáré. Ó ń fà á bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti méjìméjì, títí ó fi bá a, tó sì kọjá rẹ̀ ní 120-117.

Géèmù mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ láàárín igba géèmù ó lé mẹ́tàdínlógójì. Bí ẹ bá wo fídíò náà pẹ́, ẹ ó rí i pé kò sí gbígbá kan tó ṣe ọ̀ràn náà. Kò sí lẹ́tà Z níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jókòó nígbà tí ó bá yẹ kó jókòó, tó ń mu omi rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní géèmù tó kọjá wọ inú èyí tó kàn. Mo mọ̀ pé ó nira láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ han ẹni tí kò ní sùúrù. Malume fúnra rẹ̀ kò wo Hong Kong tán rí. Ó ní dátà kò tó.

Àwọn ìyókù ò pẹ́ sọ. Ní 1994 ó gba US Open ti bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà tó gbà á. Ní 1999, ní Cardiff, ó na Chang Hao-ping ará Taiwan ní 17-8, ó sì di ọ̀gá àgbáyé. Ní 2003 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ilé ìrántí àwọn akọni eré náà ní Amẹ́ríkà, ará Éṣíà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ti 2006 ló yẹ ká dúró lé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Kevin Trudeau, tó ti lówó nídìí ìpolówó ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n, dá ẹgbẹ́ ìdíje kan sílẹ̀ tó pè ní International Pool Tour. Ó ṣèlérí owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí nídìí pool. Ní Reno, ìlú lẹ́tà Z yẹn náà, Reyes na Rodney Morris ní 8-6, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ $500,000. Ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta. Fídíò rẹ̀ wà: iná mọ̀nàmọ́ná, aṣọ àwọtẹ́lẹ̀ onítáì, ariwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún àwọn eléré pé owó kò tíì sí nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa san án. Ẹgbẹ́ náà fọ́. Trudeau lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2014, lórí ọ̀rọ̀ mìíràn ni o, ìwé tó kọ lórí bí ènìyàn ṣe lè fọn.

Mo sọ ìtàn yìí fún Malume, mo rò pé yóò bínú. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní owó tí wọ́n bá fi hàn ọ́ nínú fídíò, inú fídíò ló ń gbé.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí a jókòó sí, nítorí pé kò sí bí mo ṣe lè ya wíwo fídíò yẹn kúrò lára ibi tí mo ti wò ó. Ní 1912 ni wọ́n dá Alexandra sílẹ̀, ọdún kan ṣáájú òfin ilẹ̀ 1913 tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Nítorí èyí, ó jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba ibi tí ènìyàn dúdú ti lè ní ìwé ilẹ̀ tirẹ̀. Nelson Mandela gbé níbẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé Johannesburg ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì ní 1957 nítorí pé wọ́n fowó kún owó ọkọ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú láràárọ̀. Òdìkejì títì márosẹ̀ ni Sandton wà, pẹ̀lú àwọn ilé gogoro rẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ìkọlù sí àwọn àjèjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù karùn-ún, ọdún 2008, tó tàn kálẹ̀ títí ènìyàn 62 fi kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kì í sọ̀rọ̀ Yorùbá sókè tí a bá ń rìn lálẹ́. Nínú ilé ọtí yẹn nìkan ló ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú, nítorí pé Malume ti sọ lójú gbogbo ènìyàn pé ẹni tó ń gẹ irun òun, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí Malume wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí ẹni tó lè nà án láti òpópónà kìíní títí dé èyí tó kẹ́yìn. N kò lè fi ìdí èyí múlẹ̀. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì. South Africa kò tilẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n títí di oṣù kìíní ọdún 1976. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò fẹ́ ẹ. Nígbà tó sì dé, kì í ṣe tábìlì pool Alexandra ni wọ́n gbé kámẹ́rà lọ bá. Mo ronú kan Papwa Sewgolum, ará Íńdíà ọmọ Durban tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń di ọ̀pá mú ní òdìkejì bí gbogbo ènìyàn ṣe ń dì í. Ó gba ìdíje Natal Open ní 1963, wọ́n sì gbé ife ẹ̀yẹ fún un níta nínú òjò, nítorí pé òfin kò gbà á láyè láti wọ inú ilé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù náà. Fọ́tò òjò yẹn ló rìn ká ayé. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an, tí ó fi na Gary Player nínú ìdíje yẹn kan náà ní 1965, ìwọ̀nba ènìyàn ló rí i. Ohun tí wọ́n fi í ṣe la mọ̀ jù. Ohun tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe la kò mọ̀ tó.

Èmi kò fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí Malume. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn tí mo lò níbẹ̀, mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ pé mo fẹ́ ya eré rẹ̀. Ó ní kò burú, kí n ṣáà má jẹ́ kí ojú òun hàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti òpópónà kejì ló fẹ́ bá a ta á, ó ti fi owó ẹyọ rẹ̀ sí etí tábìlì láti ìrọ̀lẹ́ láti fi gba ipò. Mo gun orí àga. Àwọn ọkùnrin méjì rẹ́rìn-ín mi, ẹnì kẹta sọ ohun kan tí n kò gbọ́, àwọn obìnrin méjì tó wà nídìí ọtí sì dá a lóhùn kí n tó ríbi dá a lóhùn.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni fídíò náà. Mo ti wò ó bóyá ọgbọ̀n ìgbà. Ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà yá ju ti Malume lọ, ó sì kó bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé léraléra. Malume kò bá a sáré. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù kan, á wá fi funfun pamọ́ sẹ́yìn òmíràn, á lọ jókòó. Wọ́n dé ibi tí bọ́ọ̀lù 8 ló kù fún un láti jẹ, ọ̀dọ́kùnrin yẹn sì ti fi funfun pamọ́ fún un lódì kejì tábìlì, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tó kù. Malume tẹ̀, ó wo etí tábìlì tí rọ́bà rẹ̀ ti ya, tí wọ́n fi táàpù lẹ̀. Òun nìkan ló mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta níbẹ̀.

Bó ṣe gbá a ni ẹnì kan dìde láti lọ ra ọtí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì bo gbogbo ojú kámẹ́rà mi. Ohun tó wà nínú fídíò ni jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan. Ẹ ó gbọ́ ìró rọ́bà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ìró bọ́ọ̀lù lára bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà ariwo, àti ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń pariwo lédè Yorùbá láàárín gbogbo wọn pé "Ó wọlé! Ó wọlé!"